Púlọ́ńbà Tó Ní Òun Ń Gbààwẹ̀

"Bí púlọ́ńbà bá ní òun ń gbààwẹ̀, kí onílé má mu omi." Ẹ ti gbọ́ òwe yìí rí, ó dá mi lójú. Bóyá ẹ tilẹ̀ ti fi bá ẹnìkan ṣe ẹ̀fẹ̀ rí níbi ìpàdé àdúgbò, tí gbogbo yín sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ta ni púlọ́ńbà náà? Ilé ta ni omi ọ̀hún wà? Kí ló sì dé tí ààwẹ̀, tí í ṣe iṣẹ́ rere lójú Ọlọ́run, fi di ohun tí à ń fi ṣe ìkìlọ̀? Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pa òwe náà ni kò mọ̀. Èmi mọ̀, nítorí mo mọ ilé náà, mo sì mọ ọkùnrin náà. Inú mi kì í dùn bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń fi í pa ẹ̀rín.

Àṣà kan wà tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ, nítorí láìsí i, òwe náà kò lè yé ẹnikẹ́ni. Ní ìlú Ìdí-Ọsàn, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn púlọ́ńbà ṣì lẹ́nu láwùjọ, púlọ́ńbà kan kì í parí iṣẹ́ kó kàn kó irinṣẹ́ sápò kó máa lọ. Yóò pe onílé jáde. Onílé yóò gbé ife wá, ife tí òun fúnra rẹ̀ fi ń mu omi, kì í ṣe ike tí wọ́n fi ń bu omi ìfọṣọ. Púlọ́ńbà yóò ṣí ẹ̀rọ, yóò jẹ́ kí omi àkọ́kọ́ tó ní erùpẹ̀ ṣàn lọ, yóò wá bu èyí tó mọ́ sínú ife, yóò sì mu ún tán lójú gbogbo ará ilé. Ẹ̀yìn ìyẹn ni onílé tó lè bu tirẹ̀. Omi ẹ̀rí ni wọ́n ń pè é. Ohun tí púlọ́ńbà ń fi sọ ni pé, ohun tí òun fà wọ ilé yín, òun lè fà á sínú ara òun náà. Kò sí ìwé tí ẹnikẹ́ni ń fọwọ́ sí. Ife omi yẹn ni gbogbo àdéhùn.

Lásísì ni olórí ẹgbẹ́ náà. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ó sì ń tiro díẹ̀ nítorí ọ̀pọ̀ ọdún tó ti fi ń kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. Ẹnu rẹ̀ kò dùn tó ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú oníbàárà pẹ̀lú ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ó ní ohun kan tí kì í fi ṣeré rárá. Páìpù omi mímu kò gbọdọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kòtò ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kọjá, bó ti wù kí ọ̀nà ibẹ̀ kúrú tó. Onílé tó bá ní kó gba ibẹ̀ kí owó páìpù lè dín, ṣe ni Lásísì yóò kó irinṣẹ́ rẹ̀, yóò sì kí i pé ó dìgbà. Ó ti pàdánù iṣẹ́ tó pọ̀ nítorí bẹ́ẹ̀, kò sì kábàámọ̀.

Ilé Ìyá Fẹ́hìntọlá, ní àdúgbò Ìsàlẹ̀-Ìrókò, ló ti kọ́kọ́ mu omi ẹ̀rí láyé rẹ̀. Ọdún tó gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ni. Ta ló fẹ́ fi ilé rẹ̀ lé ẹni tí kò ì ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀ rí lọ́wọ́? Ìyá Fẹ́hìntọlá ló gbà á, ó ní kó fa omi ìjọba wọ àgbàlá òun. Nígbà tó parí, ó bu omi sínú ife, kò sì tètè gbé e sẹ́nu. Obìnrin náà wò ó, ó ní, "Mu ún, jàre. Bó bá pa ọ́, àwa ò ní mu ún." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, Lásísì náà rẹ́rìn-ín, ó sì mu ún. Láti ọjọ́ náà ni obìnrin yìí ti mú un bí ọmọ. Bí ọdún Iléyá bá dé, ẹran kan ń jáde nílé Lásísì lọ sí Ìsàlẹ̀-Ìrókò kí ẹnikẹ́ni tó jẹun.

Báyìí ni ayé ń lọ kí Ilé Ìrọ̀rùn tó dé.

Ilé ìtajà ńlá ni Ilé Ìrọ̀rùn, wọ́n kọ́ ọ sí ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń la pákó tẹ́lẹ̀. Gbogbo ohun tó ń jẹ́ ohun èlò ilé ló wà níbẹ̀: táǹkì, pọ́ǹpù, ọpọ́n ìfọwọ́, ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ń dán bíi awo ọjọ́ ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjà wọn ló gba ìlú, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni. Ọkọ̀ wọn ń yí ìlú ká pẹ̀lú gbohùngbohùn, ó ń pariwo pé kí èèyàn gbé e lọ lónìí, kó máa san án díẹ̀díẹ̀ títí ọdún méjì, pé àwọn òṣìṣẹ́ àwọn yóò wá fi í sí i lọ́fẹ̀ẹ́.

Ká má parọ́, àwọn púlọ́ńbà tiwa náà kì í ṣe mọ́líkà. Wọ́n á gba owó ọjà lọ́wọ́ rẹ lónìí, o ò ní fojú kàn wọ́n títí oṣù yóò fi lé. Bí o bá pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n á ní àwọn ti wà lọ́nà, bẹ́ẹ̀ lo sì ń gbọ́ ìró akùkọ ẹ̀yìnkùlé wọn. Ilé Ìrọ̀rùn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ní agogo mẹ́sàn-án, wàá rí wọn ní agogo mẹ́sàn-án pẹ̀lú ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn wọn, wọ́n á sì kí ọ tẹ̀rín tẹ̀rín. Èmi tí mò ń kọ èyí náà ra táǹkì lọ́wọ́ wọn, ó sì wà lórí òrùlé mi títí di òní. Ta ló máa fún ni ní ìrọ̀rùn tí a máa kọ̀ ọ́?

Àwọn púlọ́ńbà ṣèpàdé títí. Ẹnìkan ní kí àwọn náà máa ta táǹkì láwìn. Wọ́n bi í pé níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí owó táǹkì ọ̀hún rà, ó sì jókòó. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n fi ẹjọ́ Ilé Ìrọ̀rùn sun kábíyèsí. Kábíyèsí náà ti ra pọ́ǹpù níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Akápò di ọlọ́kadà. Akọ̀wé, ẹni tó mọ iṣẹ́ páìpù onírin ju gbogbo wọn lọ, ń ta omi inú ọ̀rá ní gáréèjì, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Bẹ́ǹṣì tí wọ́n máa ń jókòó lé níbi ìpàdé wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà, ẹnìkan gbé e lọ.

Lásísì kò lọ síbì kankan. Ní àárọ̀, yóò tẹ́ àpò sílẹ̀ ní ìloro, yóò to àwọn sípánà rẹ̀ sórí rẹ̀ láti orí èyí tó kéré jù, yóò sì máa fi òróró nù wọ́n. Ní ọjọ́ kejì, yóò tún nù wọ́n. Ìyàwó rẹ̀, Ráfátù, obìnrin tó ní sùúrù, wò ó títí. Ní ọjọ́ kan, ó gbé àwo gààrí tí kò ní ṣúgà kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, "Bàbá Jẹ́mílátù, irin ò ṣeé jẹ." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Lásísì lọ sí Ilé Ìrọ̀rùn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀ ń jẹ́ Ṣẹ̀yẹ. Ẹ má retí kí n sọ pé èèyàn burúkú ni. Ó dìde fún Lásísì, ó fà á ní àga, ó sì sọ pé inú òun dùn pé àgbà iṣẹ́ wá bá àwọn. Ó fún un ní ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é: láti ìdí ọjà ni wọ́n ti ń gé páìpù ilé kọ̀ọ̀kan, òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ béèrè ju èyí tí wọ́n kó fún un lọ, ilé kan kò sì gbọdọ̀ gbà ju òwúrọ̀ kan lọ.

"Ohun kan tún kù o, Baba," Ṣẹ̀yẹ ní. "Omi tí ẹ máa ń mu nílé oníbàárà yẹn, ẹ má mu ún mọ́. Ó ń fi àsìkò ṣòfò, kò sì bójú mu."

Lásísì ní òun gbọ́. Ó gbé ẹ̀wù náà wọ̀. Ó fẹ̀ jù ú lọ.

Oṣù kan kò ì pé tí wọ́n fi dárúkọ ilé tí wọ́n máa ṣe ní ọjọ́ Àlàmísì kan, tí Lásísì sì gbọ́ pé ilé Ìyá Fẹ́hìntọlá ní Ìsàlẹ̀-Ìrókò ni. Omi ìjọba ti gbẹ níbẹ̀ tipẹ́. Kànga tó wà níwájú ilé ni obìnrin náà ń fà mu, òun àti Àríkẹ́, ọmọ Fẹ́hìntọlá tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un nígbà tó lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú òkèèrè. Ọmọ ọdún méje ni Àríkẹ́, eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Nígbà tí Ìyá Fẹ́hìntọlá rí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Àṣé ìwọ ni wọ́n máa rán sí mi," ó ní. "Mo ti ń bẹ̀rù pé àwọn tí n ò mọ̀ rí ló ń bọ̀. Má bínú sí mi, Lásísì. Orúnkún mi ò gbà kí n máa fami mọ́, wọ́n sì ní mo lè máa san án díẹ̀díẹ̀. Ìwọ náà ì bá bá mi ṣe é, àmọ́ níbo ni n ó ti rí owó táǹkì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?"

"Kò sí ìbínú níbẹ̀, Màmá," Lásísì dáhùn. "Ẹ ṣe ohun tó yẹ."

"Ọkàn mi ti balẹ̀ báyìí," obìnrin náà ní, ó sì wọlé lọ gbé oúnjẹ kaná.

Wọ́n gbé pọ́ǹpù sí ẹnu kànga, wọ́n gbé táǹkì sórí pẹpẹ irin gíga lẹ́yìn ilé. Páìpù tí yóò gbé omi láti kànga lọ sínú táǹkì ló kù. Lásísì tẹ́ páìpù tí wọ́n kó wá sórí ilẹ̀, ó sì rí i lójú ẹsẹ̀ pé kò lè yí ilé ká. Ọ̀nà tó lè gbà kó tó ni ẹ̀gbẹ́ òsì ilé, níbi tí sókàwéè, ìyẹn kòtò ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wà, kòtò àtijọ́ tí ògiri rẹ̀ ti ń jẹ́ kí omi rẹ̀ jò jáde bí ilẹ̀ bá tutù. Níbẹ̀ náà, yóò ku díẹ̀, àfi kí wọ́n so àjákù kan mọ́ ọn. Ó pe Ṣẹ̀yẹ, tó bá wọn wá, sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Páìpù yìí ò ní tó gba ọ̀nà tó yẹ."

"Ẹ gbà á ní tààrà, Baba."

"Ẹ̀gbẹ́ sókàwéè nìyẹn."

"Ṣebí a máa fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ohun tó wà níta ò lè wọ inú páìpù tó ń tu omi jáde."

"Nígbà tí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́ nìyẹn," Lásísì ní. "Bó bá dákẹ́, omi inú páìpù á máa sọ̀ kalẹ̀ pa dà sí kànga, á sì máa fa ohun tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wọlé. Bí òjò bá dé, ohun tó máa fà kò ní dáa."

Ṣẹ̀yẹ wo aago ọwọ́ rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìbínú. "Baba, mo gbọ́ yín. Bí ẹ bá ní ẹ ò ṣe, màá pe ẹlòmíì wá. Ṣùgbọ́n páìpù yìí náà ló máa lò, ibẹ̀ náà ló sì máa gbà. Ẹ̀yin náà á wá máa lọ sílé."

Lásísì dúró. Bó bá jẹ́ ti tẹ́lẹ̀ ni, irinṣẹ́ rẹ̀ ì bá ti wà nínú àpò. Ṣùgbọ́n ó ti jókòó sílé láìríṣẹ́ rí, ó ti mọ bó ṣe ń rí. Ó kúnlẹ̀, ó gbẹ́ ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ òsì, ó so àjákù mọ́ páìpù, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ó sì da erùpẹ̀ bò ó kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ, nítorí ọkọ̀ ti ń fọn fèrè.

Bó ṣe ń na ẹ̀yìn rẹ̀ ni Àríkẹ́ yọ láti inú ilé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife tánganran kan tó ní àwòrán òdòdó lára, ife tí Lásísì kọ́kọ́ fi mu omi ẹ̀rí nínú ilé yìí. Ìyá àgbà rẹ̀ ti sọ ìtàn omi ẹ̀rí fún un láti àárọ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn pé òun náà máa fojú rí i. Ó kúnlẹ̀, ó gbé ife náà fún Lásísì. Ìyá Fẹ́hìntọlá tiro jáde, ó dúró lẹ́yìn ọmọ. Lásísì ṣí ẹ̀rọ. Omi rú erùpẹ̀ díẹ̀, ó sì mọ́ gaara. Ó bu ú kún ife.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti bi mí pé kí ló dé tí kò kàn mu ún. Omi ọjọ́ yẹn kò ní àléébù kankan. Ẹ̀ẹ̀rùn mú, ilẹ̀ gbẹ, kòtò gbẹ, kò sí ohun tí ì bá ṣe é. Ṣùgbọ́n Lásísì mọ ohun tí omi náà ń jẹ́. Bó bá mu ún, ó ti jẹ́rìí pé ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ yẹn dára, kò sì jẹ́rìí èké rí láti ọjọ́ tó ti gbé ife yìí gan-an lọ́wọ́. Ẹnu rẹ̀ kọ̀ ọ́. Kò wá ní ìgboyà láti sọ ìdí tó fi kọ̀ ọ́, nítorí Ṣẹ̀yẹ dúró síbẹ̀, àwo gààrí Ráfátù sì dúró sí ọkàn rẹ̀. Ó wá ọ̀nà àárín, ọ̀nà àárín náà ló sì ba gbogbo nǹkan jẹ́. Ká ní ó bọ̀wọ̀ fún àṣà yẹn díẹ̀ sí i ni, ì bá sọ òótọ́. Ká sì ní kò bọ̀wọ̀ fún un rárá ni, ì bá mu omi náà, ọkàn rẹ̀ ì bá fúyẹ́ tó láti pa dà wá tún un ṣe.

"Ẹ má bínú, Màmá," ó ní. "Mò ń gbààwẹ̀."

"Ààwẹ̀ kẹ̀?"

"Àlàmísì ni lónìí."

Ojú obìnrin náà rọ̀, nítorí ó mọ̀ pé àwọn Mùsùlùmí a máa gbààwẹ̀ ní Àlàmísì. "Ọlọ́run á gbà á lẹ́sìn," ó ní. "Ó kúkú dáa bẹ́ẹ̀. Èmi á bá ọ mu tìrẹ. Ṣé mi ò mọ ọwọ́ tó ṣe é ni?" Ó gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ó mu ún dé ìdajì, ó ní omi náà tutù, ó sì fi èyí tó kù fún Àríkẹ́. Ọmọ náà mu ún tán, ó sì dojú ife délẹ̀ láti fi hàn wọ́n pé kò ku ẹ̀kán kan.

Lásísì pinnu nínú ọkọ̀ pé bí òun bá ti gba owó oṣù, òun yóò ra páìpù fúnra òun, òun yóò sì lọ yí ọ̀nà omi náà pa dà láìgba kọ́bọ̀. Ó gba owó oṣù lóòótọ́. Ó ra páìpù náà, ó gbé e sí ẹ̀yìn ilé. Ṣùgbọ́n bó bá ti fẹ́ lọ, ìbéèrè kan á dá a dúró: kí ni yóò sọ pé òun wá ṣe? Bó bá ní páìpù kò dára, obìnrin náà yóò bi í ìgbà wo ló mọ̀. Irọ́ ààwẹ̀ yẹn dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ọn. Ó wá ń gba ọ̀nà ọjà lọ síbi iṣẹ́ kó má bàa gba Ìsàlẹ̀-Ìrókò kọjá. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òjò ṣì jìnnà.

Òjò kò jìnnà. Ìlú kejì ni Ilé Ìrọ̀rùn kó wọn lọ fún iṣẹ́ nígbà tí ojú ọ̀run ṣú láìrò tẹ́lẹ̀, tí òjò sì rọ̀ láàárọ̀, tó rọ̀ lálẹ́, tó tún rọ̀ ní ọjọ́ kejì. Lásísì dúró sábẹ́ ìbòòrùn, ó ń wo bí omi ṣe ń gbára jọ lórí ilẹ̀. Ó bẹ Ṣẹ̀yẹ kó jẹ́ kí òun lọ sílé. Ṣẹ̀yẹ ní kó fara dà á di ọjọ́ Sátidé. Lásísì yọ fóònù rẹ̀, ó wá orúkọ Ìyá Fẹ́hìntọlá rí, ó wò ó títí iná ojú fóònù fi kú, ó sì dá a pa dà sápò.

Ní Sátidé, kò tilẹ̀ yà sílé ju kó gbé páìpù lọ. Ó gbé e lé èjìká, ó forí lé Ìsàlẹ̀-Ìrókò nínú ẹrẹ̀. Nígbà tó yọ sí ilé náà, ó rí àwọn obìnrin tó jókòó sórí ẹní ní ìloro. Wọ́n ti sin Àríkẹ́ ní àná. Ìgbẹ́ gbuuru àti èébì ló gbé e, láàárín òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn. Ìyá Fẹ́hìntọlá náà dùbúlẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú.

Aládùúgbò kan ló sọ ọ́ fún Lásísì, kò sì sọ ọ́ láti fi bá a wí. Ó ní àwọn rí i pé omi náà ti ń rùn díẹ̀ láti ọjọ́ kejì òjò. Ó ní àwọn sọ fún Màmá kó má mu ún mọ́, kó má sì fún ọmọ. Màmá ní kò lè jẹ́ omi, pé Lásísì ló fa omi náà wọlé.

Lásísì sọ páìpù èjìká rẹ̀ kalẹ̀. Ó wọ ilé ìdáná, ó rí ife tánganran yẹn níbi tí wọ́n dojú rẹ̀ dé sí. Ó gbé e lọ sí ìdí ẹ̀rọ, ó bu omi náà kún un, ó sì mu ún. Ó tún bu òmíràn, ó mu ún. Kò sí ẹni tó kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe. Nígbà tó bu ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni àwọn obìnrin dìde tí wọ́n já ife gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Orí ẹní ni Ìyá Fẹ́hìntọlá ti ń wò ó. Ohùn rẹ̀ kò le, kò sì ròkè.

"Lásísì," ó ní, "ṣé o ti wá ṣínu?"

Lásísì jáde, ó gbé páìpù tó sọ̀ kalẹ̀, ó sì forí lé ẹ̀gbẹ́ òsì ilé.

Ó yí páìpù náà pa dà ní ọjọ́ yẹn, nínú òjò, òun nìkan. Kò sí ẹni tó ràn án lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tó dá a dúró. Omi tó mu dá a dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n kò pa á, mo sì rò pé ìyẹn ló dùn ún jù. Ó dá ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn pa dà. Ilé Ìrọ̀rùn rán ẹni wá kí Ìyá Fẹ́hìntọlá pẹ̀lú búrẹ́dì àti mílíìkì, wọ́n ní òjò ọdún yẹn ló le. Obìnrin náà kò ṣí ẹ̀rọ náà mọ́ láéláé. Pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ yẹn, kànga aládùúgbò ló ń lọ fà. Síbẹ̀, àdéhùn ni àdéhùn. Bí oṣù bá ti parí, ọmọkùnrin kan á gun alùpùpù dé láti Ilé Ìrọ̀rùn, á kí i dáadáa, obìnrin náà á sì tú etí aṣọ rẹ̀, á san owó táǹkì. Títí ọdún méjì fi pé ló fi san án.

Lásísì kò fọwọ́ kan páìpù mọ́. Ìyókù ayé rẹ̀ ló fi gbààwẹ̀ ní ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Àlàmísì, ààwẹ̀ tòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ kò gbà á mọ́ lópin. Bí àwọn ọmọdé bá rí i lójú ọ̀nà, wọ́n á máa sọ òwe náà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn àgbà á lé wọn dà nù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ pé irọ́ ni wọ́n pa.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ ní Ìdí-Ọsàn pé bí púlọ́ńbà bá ní òun ń gbààwẹ̀, kí onílé má mu omi. Àwọn àgbà ń pa á nígbà tí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan bá wá àwáwí tí kò fi ní bá wa lò nínú rẹ̀: alásè tí inú rẹ̀ ṣàdédé ń run ún nígbà tí ọbẹ̀ tirẹ̀ délẹ̀, ẹni tó ń polówó ilé-ìwé rẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ti ẹlòmíràn, onílẹ̀ tó ní ilẹ̀ náà dára ṣùgbọ́n tí àyè kò gba òun láti kọ́lé síbẹ̀. Wọ́n tún ń pa á fún ẹni tó mọ àléébù iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, tó sì ń fi ọgbọ́n yẹra dípò kó sọ̀rọ̀. Bí àgbàlagbà kan bá pa á lójú yín lọ́jọ́ kan, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ má sì dúró bi í léèrè ohun tó rí. Ẹ kọ́kọ́ gbé ife yín sílẹ̀.